Kóòdù wo ló tọ́ sí ará ìlú tí bọ́ǹbù ológun ṣe léṣe?

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ìlera ní ilé ìwòsàn ìjọba kan lókè ọya, ló kọ̀wé sí mi. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Wọ́n gbé obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí bàálù ológun ju bọ́ǹbù sí abúlé wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti lọ nísàlẹ̀ orúnkún, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, wọ́n sì ti ní kó máa lọ sílé. Fáìlì rẹ̀ ti dé orí tábìlì mi kí n fi kóòdù sí i, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń dúró fún ìpalára àti ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà kọ síbẹ̀ kò ju 'bomb blast injury' lọ. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ sí jàǹbá, nítorí pé ìjọba ti sọ pé àṣìṣe ni. Ẹlòmíràn ní kí n kọ ọ́ sí iṣẹ́ agbésùnmọ̀mí. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí Y36.211A, àmọ́ kò sí nínú ìwé tí à ń lò. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ kóòdù tí kò tọ́, obìnrin náà lè pàdánù owó gbà-má-bínú, tàbí kí wọ́n ní mò ń fẹ̀sùn kan ìjọba. Kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé o bèèrè kí o tó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa ni mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún púpọ̀ kí n tó bọ́ sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi lè dá ọ lóhùn láìsọ̀rọ̀ nípa ara obìnrin náà fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ohun mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè rẹ: kóòdù wo ló bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí mu, ta ni kóòdù náà ń dá lẹ́bi, àti bóyá ohun tí o bá kọ lè ràn án lọ́wọ́ tàbí kó dí i lọ́wọ́ láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èyí tó wà láàárín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́kàn rẹ. Kóòdù kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìwé ICD, ìyẹn ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tó to kóòdù àìsàn àti ìpalára lẹ́sẹẹsẹ, kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè bóyá òfin fàyè gba ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tó ń bèèrè ni irú ipò tí ènìyàn wà nígbà tó fara pa, kí àwọn tó ń ṣètò ìlera lè mọ iye àwọn tó ń ti irú ipò bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì mọ iye ẹ̀jẹ̀, oníṣẹ́ abẹ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọn yóò nílò. Nítorí náà, bí o bá kọ kóòdù tó bá òtítọ́ mu, o kò fẹ̀sùn kan ìjọba. Bí o bá sì yí i padà nítorí ìbẹ̀rù, o kò gba ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ ohunkóhun, kàkà bẹ́ẹ̀ o ti yọ obìnrin yìí kúrò lára àwọn tó yẹ kí a kà.

Kóòdù tí o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiwa. Inú ICD-10-CM ni Y36.211A ti wá, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ṣe fún ìlò ara wọn, tí àwọn ilé ìwòsàn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Wọ́n fa kóòdù náà gùn débi pé ó ń sọ irú ohun ìjà tó bú, bóyá ọmọ ogun tàbí ará ìlú ló fara pa, àti bóyá ìtọ́jú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n tún fi Y37 kún un fún iṣẹ́ ológun ní àkókò àlàáfíà, àti Y38 fún iṣẹ́ agbésùnmọ̀mí, èyí tí wọn kì í lò àyàfi bí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba wọn, bá ti pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Nínú ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ẹ̀yin ń lò, kò sí Y37 bẹ́ẹ̀ ni kò sí Y38. Lẹ́yìn Y36, Y40 ló kàn. Ẹni tó ní kí o kọ iṣẹ́ agbésùnmọ̀mí, nǹkan tí kò sí nínú ìwé yín ló ní kí o kọ, yàtọ̀ sí pé bàálù ìjọba ló ju bọ́ǹbù náà. Kóòdù tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni Y36.2, ìyẹn iṣẹ́ ogun tó jẹ mọ́ ìbúgbàmù mìíràn àti àfọ́kù ohun ìjà. Abẹ́ Y36 ni ìwé fúnra rẹ̀ ti sọ pé ó kan ọmọ ogun àti ará ìlú, àti pé kì í ṣe ogun láàárín orílẹ̀-èdè méjì nìkan ló ń sọ, ó kan ọ̀tẹ̀ abẹ́lé pẹ̀lú. Ohun ìjà tí wọ́n ń lò lójú ogun tó wá ṣèèṣì bú pàápàá, abẹ́ Y36.2 yìí náà ni ìwé kó o sí.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Mo mọ ohun tó gbé e débẹ̀: ó gbọ́ "àṣìṣe" lẹ́nu ìjọba, ó sì lọ wá jàǹbá nínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ológun pinnu láti ju bọ́ǹbù yẹn. Ibi tó yẹ kó bọ́ sí ni wọ́n ṣì. Jàǹbá tí ìwé ICD ń sọ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti lo ohun ìjà rárá. Bí o bá fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe rí, rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bárékè Ìkẹjà ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí iná ràn mọ́ ibi tí àwọn sójà kó ohun ìjà pamọ́ sí. Bọ́ǹbù ń fò kiri Èkó, kò sì sí ẹni tó yìnbọn sí ẹnikẹ́ni. W40, kóòdù jàǹbá ìbúgbàmù, ló bá àwọn tí àfọ́kù bà lọ́jọ́ yẹn mu, nítorí pé ìbúgbàmù ohun ìjà inú àká wà níbẹ̀ ní pàtó. Ó ṣì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lé ní 1,000 tó kú ni bọ́ǹbù kò kàn lára rárá. Ojú omi Òkè-Àfà ni wọ́n sá wọ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì rì. Òkú bẹ́ẹ̀, T75.1 ti ẹni tó rì sómi ló tọ́ sí ara rẹ̀, bí dókítà kò bá sì kọ ọ́ pé ìbúgbàmù ni wọ́n ń sá fún, ẹni tó bá ka ìwé náà lọ́la yóò rò pé wọ́n lọ wẹ̀ ni.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Y35 wà nínú ìwé náà fún ìpalára láti ọwọ́ ọlọ́pàá tàbí sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń mú arúfin tàbí tí wọ́n bá ń pa rúkèrúdò, Y35.1 sì ni ti ohun abúgbàmù lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàálù ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, kò sí àríyànjiyàn: ogun pẹ̀lú Boko Haram ni, Y36.2 ni. Ní Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ní Kaduna, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn tó ń ṣe Maulud ni drone ológun ju bọ́ǹbù lù. Òkú 85 ni NEMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, kà, àwọn 66 sì wà nílé ìwòsàn. Ẹlòmíràn lè ní àwọn agbébọn tó wà lágbègbè yẹn kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀, arúfin lásán ni wọ́n, nítorí náà Y35.1 ló tọ́. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá gbé bàálù àti bọ́ǹbù dìde, ogun ló ń jà, kì í ṣe pé ó ń mú ènìyàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Y36.2 ni èmi yóò sì kọ. Bọ́ǹbù tí àwọn agbésùnmọ̀mí fúnra wọn bá gbé wọ ọjà tún yàtọ̀: àwọn kan ń kọ ọ́ sí X96, ìyẹn ìkọlù pẹ̀lú ohun abúgbàmù, àwọn mìíràn sì ń kọ ọ́ sí Y36.2 nítorí ọ̀tẹ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó burú jù ni kí àwọn tó fara pa nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo gba kóòdù mẹ́ta nítorí pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jókòó ní ẹ̀ka yín, ẹ yan ọ̀kan fún irú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì tẹ̀lé e. Fún bọ́ǹbù tí ọmọdé bá he nínú oko, Y36.8 wà fún un kìkì bí ìjà bá ti parí. Níbi tí wọ́n bá ṣì ń jà, Y36.2 náà ni.

Ṣùgbọ́n Y36.2 kọ́ ni kóòdù àkọ́kọ́ nínú fáìlì yìí, kò sì lè dá dúró. Ìpalára tó wà lára ni à ń kọ ṣáájú, láti inú àwọn kóòdù tó fi lẹ́tà S àti T bẹ̀rẹ̀, a ó wá fi ohun tó fà á kún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí dókítà kọ ti já wa kulẹ̀, nítorí pé bọ́ǹbù kan ṣoṣo a máa ba ara jẹ́ ní ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń jáde bó ṣe ń bú ló kọ́kọ́ máa ń kan ènìyàn, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì wà nínú ara ló máa ń bà jẹ́ jù: etí, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun. Àfọ́kù irin, òkúta àti gíláàsì yóò fò wọ ara. Afẹ́fẹ́ náà lè gbé ènìyàn sọ mọ́ ògiri, kí egungun fọ́, kí orí sì lu ilẹ̀. Iná, èéfín àti ilé tó wó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ "bomb blast injury" kò tíì sọ èwo nínú ìwọ̀nyí ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sì tọ́jú aláìsàn náà tẹ̀lé e kò ní mọ ohun tó yẹ kó máa wá.

Ìgbì afẹ́fẹ́ yìí ló ń tan àwọn òṣìṣẹ́ jẹ jù lọ. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má hàn lára rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti máa kún fún ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ni èémí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tí yóò máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ẹ́síréè àyà rẹ̀ yóò sì fi ibi funfun méjì hàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń dá ẹni tó wà nítòsí bọ́ǹbù dúró, kí a máa wo èémí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, bó tilẹ̀ ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Bí ọ̀rọ̀ bá débi pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá a mí, ìṣọ́ra ńlá ni, nítorí afẹ́fẹ́ tí a fi agbára tì wọnú ẹ̀dọ̀fóró tó ti ya lè gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ tàbí ọkàn. Ìfun náà lè lu lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ewu ti kọjá. Ikùn tó bá ń le tó sì ń dun aláìsàn kì í ṣe ti oúnjẹ. Èrò kan sì wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ pé bí awọ inú etí kò bá ya, inú ara ti yọ. Òótọ́ ni pé agbára tó ń ya awọ etí kéré sí èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àmọ́ mo ti rí ẹni tí etí rẹ̀ pé, tí ọ́síjìn sì wà nímú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí a yẹ méjèèjì wò.

Ní ti àfọ́kù, ojú ọgbẹ́ ni kì í sọ òtítọ́. Ihò tí kò tó hóró ẹ̀wà kan lórí ikùn lè wà lójú ọ̀nà tí irin gbà já ìfun níbi mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa ènìyàn, nítorí náà títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí dídì í pinpin lókè ojú ọgbẹ́, kí a kọ aago tí a dì í sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró de dókítà. Oògùn tranexamic acid, tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù, sì wúlò bí a bá fún un láàárín wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: a ń yára rán ojú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ bọ́ǹbù dọ̀tí. Erùpẹ̀, aṣọ àti ẹran ara tó ti kú wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ Red Cross tó ti ń tọ́jú irú rẹ̀ láti ogun dé ogun a máa gé ohun tó ti kú kúrò, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi í sílẹ̀ láìrán, wọn a sì padà wá pa á dé lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún bó bá mọ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kò ṣeé fò. Kì í sì í ṣe gbogbo àfọ́kù ni a gbọ́dọ̀ yọ. Èyí tó bá jókòó jẹ́ẹ́ nínú ẹran ara, tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, nínú oríkèé tàbí nínú ojú, wíwá a kiri lè pa aláìsàn lára ju fífi í sílẹ̀ lọ. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e sínú ẹ̀rọ MRI, tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀.

Padà sí fáìlì obìnrin rẹ. Bí bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ bá já ẹsẹ̀ náà, S88.1 ni, ìyẹn gígé nípa ìpalára láàárín orúnkún àti kókósẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà fọ́, tí egungun yọ síta, tí oníṣẹ́ abẹ sì gé e nítorí pé kò ṣeé gbà là mọ́, S88.1 kò tọ́. Egungun fífọ́ tó ní ọgbẹ́, nínú S82, ni ìpalára rẹ̀, gígé ẹsẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí a ń kọ sí ààyè iṣẹ́ abẹ. Ìwé iṣẹ́ abẹ yóò sọ èyí fún ọ bí o bá wá a dé inú tíátà. Etí rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá wò ó tó sì rí i pé awọ etí ti ya, S09.2 ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó, o kò lè kọ ọ́, nítorí pé ohun tó wà nínú fáìlì nìkan la lè fi kóòdù sí. Má ṣe fi ìmọ̀ rẹ tàbí àánú rẹ dí àlàfo tí dókítà fi sílẹ̀. Kọ ìbéèrè síwèé, so ó mọ́ fáìlì, gbé e lọ bá a: kí ló já ẹsẹ̀, ta ló wo etí, ṣé ẹ́síréè àyà wà, àfọ́kù ṣì wà lára, níbo ni obìnrin náà wà nígbà tó bú? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé nọ́ńbà tó ń sọ ibi ìṣẹ̀lẹ̀ nínú ICD-10 wa kì í bá Y35 àti Y36 lọ; bí kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ, kò sí níbì kankan.

Wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú ju kóòdù lọ. Ọ̀pọ̀ ihò kékeré inú awọ etí a máa dí fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ bí omi kò bá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ìgbọ́ràn rẹ̀ kò bá padà, ó yẹ kí dókítà etí rí i. Kùkùté ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sàn, kí wíwú rẹ̀ lọ, kí orúnkún má sì ká gan, kí wọ́n tó lè wọn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un, nítorí náà ìdárayá orúnkún kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí owó bá jáde. Bó bá ní ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ṣì ń dun òun, kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Iṣan ìmọ̀lára ló fà á, oògùn sì wà fún un. Bí kò bá lè sùn, tí ìró bàálù bá ń mú un sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn náà jẹ́ ara ìpalára rẹ̀, F43.1, kóòdù àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ abanilẹ́rù, sì wà fún un bí dókítà ọpọlọ bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó bá padà wá nítorí kùkùté lẹ́yìn ọdún kan, kóòdù rẹ̀ yóò yí padà sí Z89.5, ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gé, Y89.1 ni yóò sì sọ pé àbájáde iṣẹ́ ogun ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orísun rẹ̀ sọnù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń sọnù.

Ní ti owó gbà-má-bínú, kóòdù kò lè fún un, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò, ilé ẹjọ́ tàbí ìgbìmọ̀ tó bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kì í ka kóòdù, ọ̀rọ̀ inú fáìlì ni wọ́n ń kà: ọjọ́, aago, ibi tó wà, ohun tí aláìsàn sọ lẹ́nu ara rẹ̀ nígbà tó dé, ìwọ̀n ọgbẹ́, orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Dókítà lè kọ ọ́ pé aláìsàn sọ pé bàálù ló ju bọ́ǹbù náà. Kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o yí ohun tó ti wà nínú fáìlì padà, má ṣe é. Àfikún la máa ń ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ òní àti orúkọ ẹni tó ṣe é, a kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, ti ní ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, abala 26 sì ní àṣírí aláìsàn ni ohun tó wà nínú fáìlì. Nítorí náà, bí oníròyìn tàbí sójà bá wá bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ kọ́ ni yóò fún wọn. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà tàbí ẹni tó rán bá bèèrè ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ ní ọ̀nà tó tọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lọ́la nìyí. Má tíì ti fáìlì náà pa. Gbé ìbéèrè tí o kọ lọ bá dókítà, kí o sì fi ojú ewé Y36 han ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó kà á fúnra rẹ̀. Bí ìdáhùn bá dé, kọ ìpalára kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí èyí tó le jù ṣáájú, kí o sì fi Y36.2 kún un. Bí dókítà bá sì rí i pé kò sẹ́ni tó wo etí obìnrin náà tàbí àyà rẹ̀, bá wọn wá nọ́ńbà fóònù tó wà lórí káàdì rẹ̀, kí wọ́n pè é padà wá.